Ìdajì Fọ́tò tí Mo Gbé Bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀yin ará Ìwó, tí ẹ ń bèèrè pé, "Ràṣídì, Èkó ńkọ́?" N kò fojú kan Èkó tí ẹ ń wí yẹn. N kò rí afárá gígùn, n kò rí ilé alájà ogún. Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni mo lọ. Lóòótọ́, abẹ́ ìjọba Èkó ni àwọn náà wà, ṣùgbọ́n omi ni mo rí níbẹ̀ jù, omi àti ìbẹ̀rù. Ẹ sì mọ̀ mí, ojo ni mí. Bí ewúrẹ́ bá sín ní agboolé wa, èmi ni màá kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má retí ìtàn akọni.

Ìyá wa Kẹ́hìndé ló rán mi níṣẹ́. Àwọn ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi, àwọn ni wọ́n sì tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, ojú wọn náà sì ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ìyá wa Táyé, ìkejì wọn, ti fẹ́ apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́ láti ìgbà èwe. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn méjèèjì ti fojú kanra gbẹ̀yìn.

Ìyá wa pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ẹní wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ràṣídì, ojú mi yìí ò ní pẹ́ ti ilẹ̀kùn. Lọ bá mi ya Táyé wá kó tó tì í. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Má sọ fún un pé ara mi ò yá kó o tó yà á o. Tó bá gbọ́, ẹ̀rín parí nìyẹn."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ohun tí mo gbé dání

Kámẹ́rà Jámánì tí ọ̀gá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo gbé. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jókòó síwájú rẹ̀, ẹ ò kàn mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ojú méjì ló ní. Ojú ńlá ni fíìmù fi ń ríran, ojú kékeré tó wà lókè ni èmi fi ń wò. Nínú ojú kékeré yẹn, ẹni kan ṣoṣo tó jókòó síwájú mi á di méjì, ọ̀kan á mọ́lẹ̀, èkejì á rí bí òjìji. Màá máa yí òrùka ojú ńlá títí òjìji á fi wọ inú ẹnì kejì rẹ̀. Bí wọ́n bá ti di ọ̀kan, fọ́tò á mọ́ kedere. Ọ̀gá mi ò ní orúkọ mìíràn fún àwọn méjèèjì ju Táyé àti Kẹ́hìndé lọ. Òjìji tó ń rìn ni Kẹ́hìndé. "Kẹ́hìndé ti bá Táyé?" ni wọ́n máa ń bi mí láti ẹ̀yìn nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Nítorí pé ojú tí mo fi ń wò kọ́ ni fíìmù fi ń ríran, kámẹ́rà yìí lè fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, mo gbàgbé ìdérí sórí ojú ńlá. Èmi ń wo ọmọ, mò ń tẹ̀ ẹ́, inú òkùnkùn ni fíìmù wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìgbátí tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ náà ò ṣeé gbàgbé. Ohun kejì ni pé ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń ká fíìmù, ọ̀tọ̀ ni ibi tí a ti ń fa ìtẹ̀ kó tó ṣeé tẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tí kò ká fíìmù, tó tún tẹ̀ ẹ́, á ya ohun méjì lé ara wọn lórí. Mo ti ya ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan lé àgbò ọdún lórí rí. Ọkọ rẹ̀ ò kí mi títí dòní.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti ń gbé kámẹ́rà tí kò lo fíìmù kiri, bó bá di ọdún kejì wọ́n á ti ra òmíràn. Tèmi ti dàgbà jù mí lọ. Àgbékọ́rùn awọ rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gán an padà. Tìmùtìmù dúdú tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ́ bí ọ̀dà, mo fi aṣọ àrán rọ́pò rẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì gbígbó tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀ ni mo fi ń nù ún lójú. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń tọ́jú rẹ̀, tí mo sì ń bẹ̀rù nítorí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìkòròdú

Ọ̀nà tí mo gbà wọ Ìkòròdú kì í ṣe ọ̀nà, kòtò ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn. Mo gbé kámẹ́rà sí àyà bí ọmọ tuntun, síbẹ̀ ó ń mì. Ilé Sáká ni mo dé sí, ọmọ Ìwó wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Industrial Estate. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo gbé kámẹ́rà sójú, mo wo igò omi tó wà lórí tábìlì. Orí Táyé ni Kẹ́hìndé dúró lé. Mo yí òrùka lọ, mo yí i bọ̀. Kẹ́hìndé ń rìn lọ sọ́tùn-ún, ó ń rìn lọ sósì, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀.

Sáká wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká ra tuntun fún yín. Wọ́n wà níta yìí rẹpẹtẹ."

Mo ní, "Tuntun tí n kò mọ ìwà rẹ̀? Iṣẹ́ tí màámi rán mi?"

"Ó dáa, kò burú. Ẹ lọ bá Bàbá Aláago. Àwọn ni wọ́n ń bá wa tún gbogbo ohun tó bá ní eyín wẹ́wẹ́ ṣe ní ibiṣẹ́."

Ọmọ Ìkòròdú gan-an ni Bàbá Aláago, àgbà tó ń tún aago ṣe nínú ìsọ̀ kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí wọn. Èdè ìlú wọn ni wọ́n fi dáhùn, ìlàjì rẹ̀ ni mo gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n yí i padà. "Ará òkè, dìde. Kí ló ń ṣe ọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀ yẹn, ará òkè. Gbogbo ẹni tó kọjá ló mọ̀ pé àlejò ni mí kí n tó la ẹnu, n kò mọ ohun tí wọ́n fi ń mọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọjá tí kò kí mi.

Wọ́n ṣí orí kámẹ́rà.

"Nọ́ọ̀tì kékeré yìí ló tú. Ọ̀nà ló tú u," ni wọ́n wí. Wọ́n wá gbé ojú ńlá sí ìmọ́lẹ̀. "Èyí gan-an ni ọ̀ràn. Ẹ̀bu ti ń hù nínú rẹ̀. Inú àpò awọ lò ń tì í mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kí ohunkóhun má bàa ṣe é."

"Awọ yẹn ni ẹ̀bu ń jẹ kó tó kọjá sójú rẹ̀. Ní ilẹ̀ olómi, má tì í mọ́lé. Jẹ́ kó rí afẹ́fẹ́, jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ kàn án lójú díẹ̀. Kí o sì máa lò ó. Èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kì í tètè kú. Èyí tí wọ́n ń ṣìkẹ́ jù ni wọ́n ń gbé wá bá mi lókùú."

Mo ní mo gbọ́. Bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí ló rí lára mi.

Wọ́n nu ẹ̀bu náà kúrò, wọ́n de nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣẹ́ ò tíì parí. A gbọ́dọ̀ wo ohun tó jìnnà réré kí a tó mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì ń bára wọn lóòótọ́, ilé sì ti dí ojú gbogbo ní ìgboro. Ni a bá gun ọ̀kadà lọ sí Ìjẹ̀dẹ, ní etí ọ̀sà. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó tẹ́ lọ títí tí igi òdìkejì fi dà bí ìlà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fà. Àwọn apẹja ń wọ ọkọ̀ bí a ṣe ń wọ bàtà, èmi dúró níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ dáadáa. Bàbá ń wo igi òdìkejì nínú ojú kékeré, wọ́n ń yí nọ́ọ̀tì ní ìwọ̀n irun.

"Ẹni tí kò rí ti ọ̀ọ́kán dáadáa," ni wọ́n wí láìgbé ojú kúrò, "ti tòsí á máa tàn án jẹ."

Ìkọ́kọrẹ́ ni ìyàwó wọn fi ṣe mí lálejò. Mo kọ́kọ́ rò pé àsáró tó jóná ni. Ìyá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò mí bóyá ará òkè á jẹ ẹ́ tán. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi ìka lá abọ́, wọ́n sì bu òmíràn lé e láìbi mí. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, Bàbá fi irin tín-ínrín tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì aago lé mi lọ́wọ́. "Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà ń mi èèyàn," ni wọ́n wí.

Ẹ̀pẹ́

Ariwo ló kọ́kọ́ kí mi ní Ọjà Olúwo. Mo rò pé ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, mo sì fẹ́ padà sẹ́yìn. Àṣé wọ́n ń kí ara wọn ni. Ẹja ń ta nínú bàsíà, omi rẹ̀ ń ta sí mi lára, èmi ń fi ẹ̀yìn dí kámẹ́rà. Mo bèèrè Ìyá wa Táyé lọ́wọ́ obìnrin kan, ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ará Ìwó ni wọ́n. "Háà, Ìyá Ìwó! Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?" Ó fà mí lọ́wọ́ títí dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni èmi ṣe lẹ́nu àlejò, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀. Ìyá wa Táyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ayé wọn níbẹ̀, síbẹ̀ Ìyá Ìwó ni wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo wẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn. Jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Bí wọn ò bá pè é, èmi gan-an lè gbàgbé." Èdè Ìwó tí wọ́n ń bá mi sọ máa ń bọ́ sínú ti Ẹ̀pẹ́. Ojú wọn, ojú màámi ni, àfi pé èéfín ẹja ti pa á láró díẹ̀.

Wọ́n fi ẹja yíyan àti ẹ̀bà bọ́ mi bí ẹni fẹ́ tà mí. Ìbéèrè kan ni wọ́n ń bi mí ṣáá.

"Kẹ́hìndé mi ńkọ́?"

"Wọ́n wà o."

"Wọ́n wà báwo?"

"Wọ́n ní kí n kí yín." Mo bá tún bu òkèlè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń to ẹja sórí ààrò nínú ahéré ìyanja lẹ́yìn ilé. Mo rò pé àsìkò ti tó. Mo yọ kámẹ́rà, mo fi wọ́n sínú ojú kékeré, ó ku kí n mú wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni mo rí i pé òjìji ti yọ́ lọ pátápátá, bóyá nínú ìfúnpọ̀ ọjà ni nọ́ọ̀tì ti tún tú. Ìpayà mú mi. Mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo pariwo bí mo ṣe máa ń pariwo ní ṣọ́ọ̀bù mi.

"Yéè! Kẹ́hìndé ti lọ! Kẹ́hìndé ti lọ, kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?"

Àwo ẹja já bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ti ìbejì pé ó kú. A máa ń sọ pé ó ti lọ ni. Ohun tí mo fi ẹnu ara mi sọ nìyẹn, lójú ìkejì rẹ̀.

"Mo mọ̀!" Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di orí. "Mo mọ̀! Láti àná ni Ràṣídì ti ń jẹun, tí kò wojú mi! Kẹ́hìndé o! O ò dúró dè mí!"

Àwọn ará ilé ti ń sáré wọlé. Ẹnì kan ti ń sunkún kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń búra, mo ní Kẹ́hìndé inú kámẹ́rà ni mo ń wí, kì í ṣe ti Ìwó. Ta ló máa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ọkùnrin kan ní bóyá orí mi ò pé. Mo wá gbé kámẹ́rà sí Ìyá wa Táyé lójú tipátipá, mo ní kí wọ́n wo ìkòkò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ń fi irin Bàbá Aláago wá nọ́ọ̀tì.

Wọ́n tẹ ojú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọ̀kan yọ."

"Kẹ́hìndé nìyẹn, màmá. Ibo ló wà?"

"Ó wà lókè. Ó ń sọ̀kalẹ̀... ó ku díẹ̀... ó ti kọjá, dá a padà." Mo dá a padà. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yí òrùka. "Ó ń bọ̀... Háà! Ó ti wọlé!"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú wọn. Ẹ̀rín tí mo wá láti Ìwó nìyẹn, kámẹ́rà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń rín in.

N kò lè parọ́ mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ti àìsàn àti ti ojú. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n kúkú yà wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ̀.

"Èmi ò ní dá yà á. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí wa, bí wọ́n bá ya ọ̀kan, wọ́n á ya èkejì sí i. Kí Kẹ́hìndé wá rí èmi nìkan nínú fọ́tò? Á ní mo ti fi òun sílẹ̀."

Ogbó ò jẹ́ kí wọ́n lè rin ìrìn-àjò, àìsàn ò jẹ́ kí ti Ìwó lè rìn ín. Mo dúró, mo ń wo ògiri ahéré náà. Ọdún àìmọye ni èéfín ti fi kùn ún, ó dúdú ju òru lọ. Ohun dúdú kì í kọ ara rẹ̀ sórí fíìmù. Mo rántí ìyàwó àti àgbò.

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó sí apá òsì bẹ́ǹṣì. Ẹ fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún Kẹ́hìndé. N kò ní ká fíìmù. Ìdajì fọ́tò yìí ni màá gbé délé, màá sì fi wọ́n sí ìdajì kejì."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n sún sí apá òsì, wọ́n wá yíjú díẹ̀ sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. "Kẹ́hìndé, sún sọ́hùn-ún jàre. Láti inú oyún ni o ti ń fi ìdí gba àyè mọ́ mi lọ́wọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara wọn, ẹ̀rín tó dé ojú. Kẹ́hìndé ti bá Táyé. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ojú ọ̀nà

Gbogbo ẹni tó ń ya fọ́tò ló mọ̀ pé bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ọwọ́ á fúnra rẹ̀ lọ síbi ìkáfíìmù. Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ mi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi òwú dúdú so ibẹ̀ pinpin kí n má bàa gbàgbé, mo dé ojú ńlá, síbẹ̀ n kò sùn nínú ọkọ̀. Bí fíìmù bá fi eyín kan ṣoṣo yí, ìbejì á pínyà. Bí ìyá wa bá sì lọ kí n tó dé, ìdajì fọ́tò ni màá gbé dé ilé òkú.

Ọlọ́pàá kan dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ó ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, ó tẹ àpò mi wò.

"Wetin be this?"

"Kámẹ́rà ni, sà."

"Open am."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìmọ́lẹ̀ á bà á jẹ́. Fọ́tò ìyá mi ló wà nínú rẹ̀."

Ó wo òwú tí mo so mọ́ ọn, ó tún wojú mi. Ló bá tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Oya, snap me make I see."

Bí mo bá ya ọlọ́pàá yìí, àárín Táyé àti Kẹ́hìndé ló máa jókòó sí títí ayé. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo fi sùúrù yí òrùka títí àwọn ọlọ́pàá méjì fi di ẹyọ kan. Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun. Mo fa ìtẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ìdérí wà lójú ńlá digbí.

"E fine?"

"Ó dára gan-an, sà."

Ó ní ká máa lọ. Ó dùn mí díẹ̀, torí ẹ̀rín náà dára lóòótọ́, ó sì dá mi lójú pé á máa retí fọ́tò rẹ̀. Àṣìṣe tí mo fi gba ìgbátí lọ́jọ́sí ló yọ mí.

Ìdajì kejì

Ìyá wa Kẹ́hìndé ṣì wà. Mo ti bi ẹni mẹ́ta ní ìgboro kí n tó dé agboolé. Mo ta aṣọ dúdú sí ògiri, a fi ìrọ̀rí gbé wọn jókòó sí apá ọ̀tún bẹ́ǹṣì tiwa, mo sì jíṣẹ́ Táyé fún wọn, ti oyún àti ti ìdí. Ẹnu wọn mì bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ló jáde. Ojú wọn ti rù, egungun ti yọ. Mo ṣí ìdérí ojú ńlá. Mo fa ìtẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo tú òwú.

Ìbàdàn ni mo lọ fọ fíìmù náà. Nígbà tí wọ́n fi fọ́tò lé mi lọ́wọ́, n kò kọ́kọ́ wò ó, mo jáde síta ná. Àwọn méjèèjì wà lórí bẹ́ǹṣì kan. Kẹ́hìndé ga díẹ̀ ju Táyé lọ, èjìká wọn sì wọ inú ara wọn. Ọ̀gá mi ì bá rí àléébù níbẹ̀. Èmi ò rí ọ̀kan ṣoṣo.

Ìyá wa gbé e sún mọ́ imú, wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Ìka wọn ń rìn lórí rẹ̀ títí ó fi dé ojú ara wọn, lápá ọ̀tún. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Táyé ti gbó," ni wọ́n wí. "Omi Ẹ̀pẹ́ yẹn ti jẹ ẹ́. Wo bó ṣe rù."

Ìka wọn kọjá sí apá òsì, ó dúró lórí ẹ̀rín Táyé.

"Èmi rèé. Ràṣídì, o ò sọ fún mi pé mo ṣì lè rẹ́rìn-ín báyìí."

Mo ti sọ fún yín pé ojo ni mí.

"Ẹ̀yin ni, màámi," ni mo wí. "Ẹ̀yin náà ni."